Ìtàn ẹ̀fẹ̀ nípa ọmọ ìlú etíkun: òkun inú ìwé mi kò ṣiṣẹ́ kankan

Gègé Tútù kọ pé:

Mo kí gbogbo yín, ẹ̀yin òǹkọ̀wé àti ẹ̀yin òǹkàwé. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń kọ ìtàn àròsọ kan fún àwọn ọ̀dọ́langba, àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 12 sí 18. Olú ẹ̀dá ìtàn náà jẹ́ ọmọkùnrin ọmọ ọdún 15 tó ń dàgbà ní ìlú kékeré kan létí òkun. Bàbá rẹ̀ ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe. Ìyá rẹ̀ ló ń ṣọ́ ilé gogoro tí iná rẹ̀ ń tọ́ àwọn atukọ̀ sọ́nà lóru. Ìtàn ẹ̀fẹ̀ ni mo fẹ́ kó jẹ́ látòkèdélẹ̀, kì í ṣe ìtàn tí a kàn bu ẹ̀fẹ̀ sí lára bí iyọ̀.

Mo fún ọ̀rẹ́ mi kan ní orí mẹ́ta àkọ́kọ́ kó kà á. Nígbà tó dá a padà, gbólóhùn kan péré ló kọ sí ẹ̀yìn ìwé náà: "Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí o bá gbé ìlú yìí lọ sórí òkè, kò sí ẹ̀fẹ̀ kan nínú rẹ̀ tí yóò yí padà." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí títí ilẹ̀ fi ṣú, nítorí pé òótọ́ ni. Olùkọ́ ṣubú lórí àga, ọmọ kọ lẹ́tà sí ọmọbìnrin kan, ó wá bọ́ sọ́wọ́ bàbá ọmọbìnrin náà. Kò sí ìlú tí èyí kò ti lè ṣẹlẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ orí kọ̀ọ̀kan nìkan ni òkun ti ń yọjú nínú ìwé mi. Mo á kọ ọ́ pé ìgbì ń ru, oòrùn ń wọ̀, lẹ́yìn náà n ó pa òkun tì bí ẹni pa aṣọ títa tì.

Báwo ni ẹ̀yin ṣe ń mú kí ẹ̀rín ti inú ibùdó ìtàn fúnra rẹ̀ jáde? Èkejì, ta ni kó sọ ìtàn náà? Ṣé ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni, àbí asọ̀tàn tó wà lókè tó ń rí gbogbo nǹkan?

Ọmọ Atukọ̀ kọ pé:

Gègé Tútù, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ: ẹ ń gbé etí omi, ẹ sì ń fi itọ́ bọ́jú. Etí òkun ni mo ti dàgbà, bẹ́ẹ̀ ni n kò rántí ọjọ́ kan tí òkun jókòó jẹ́ẹ́ kí a máa wò ó. Ó ń da ètò ènìyàn rú ni. Ibẹ̀ sì ni ẹ̀rín wà fún ọmọ ọdún 15, nítorí kò sí ẹni tó ní ètò tó o.

Ẹ jẹ́ kí n mú omi kíkún àti omi fífà nìkan. Ní ọ̀pọ̀ etíkun ayé, omi ń kún lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń fà lẹ́ẹ̀mejì, láàárín wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 50. Ìṣẹ́jú 50 yẹn ni kí ẹ dì mú, nítorí òun ló fà á tí omi fi ń pẹ́ ju ti àná lọ lójoojúmọ́. Ẹ wá jẹ́ kí ọmọ yín pàdé ọmọbìnrin kan ní ọjọ́ Sátidé, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, lórí àpáta kan tí ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé nígbà tí omi bá fà. Gbogbo rẹ̀ dára. Wọ́n fi àdéhùn sí Sátidé tó tẹ̀ lé e, ní àkókò kan náà, ibì kan náà. Láàárín ọjọ́ méje, omi fífà náà ti sún síwájú ní wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú 50, nítorí náà ní aago mẹ́rin ọjọ́ kejì yìí, omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níbi tó ń kún dé jù lọ. Ọmọ atúnkọ̀ṣe ni, òun ló sì yẹ kó mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, ṣùgbọ́n ojú ọmọbìnrin náà ló ń wò, kò wo omi.

Irin ńkọ́? Kìlógíráàmù omi òkun kan ní nǹkan bíi gíráàmù 35 iyọ̀ nínú, afẹ́fẹ́ sì ń fọ́n iyọ̀ yẹn sára gbogbo nǹkan. Kọ́kọ́rọ́ ń dípẹtà, ẹ̀wọ̀n kẹ̀kẹ́ ń dípẹtà, irin tí ilẹ̀kùn fi ń yí ń dípẹtà. Ní ìlú mìíràn, ọmọ tó bá fẹ́ yọ́ jáde lóru yóò kàn ṣí ilẹ̀kùn. Ní ìlú etíkun, ilẹ̀kùn ń ké bí ewúrẹ́. Èmi fúnra mi máa ń dúró títí ìgbì yóò fi wó lulẹ̀, n ó sì ṣí i díẹ̀ lábẹ́ ariwo rẹ̀, n ó tún dúró de ìgbì mìíràn. Ilẹ̀kùn méjì lè gba ìdajì wákàtí lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ kan, nígbà tí mo máa fi ṣí ìkejì tán, bàbá mi ti parí oorun rẹ̀, ó sì jókòó síta, ó ń dúró dè mí.

Arínúróde kọ pé:

Ẹ má wo orúkọ tí mo ń jẹ́ níbí. Ìlànà ojúmilóṣe ni n ó gbà yín nímọ̀ràn láti lò. Kí ọmọ náà sọ ìtàn rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín nínú asọ̀tàn ọ̀dọ́langba ni pé kò mọ̀ pé òun ń pani lẹ́rìn-ín. Ó gbà pé ọ̀rọ̀ ìyè àti ikú ni òun ń sọ. Òǹkàwé ń rí ohun tí kò rí, àyè tó wà láàárín ohun tó sọ àti ohun tí a rí sì ni ẹ̀fẹ̀ ń gbé.

Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Faransé kan, Henri Bergson, sọ ní ọdún 1900 pé ẹ̀rín ń bọ́ lẹ́nu wa nígbà tí ènìyàn tó lẹ́mìí bá ń ṣe bí ẹ̀rọ, tí kò lè yí ọwọ́ padà nígbà tí ipò ti yí padà. N kò gbà pé gbogbo ẹ̀rín ló rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo àpẹẹrẹ àpáta tí Ọmọ Atukọ̀ fún yín: omi ti yí padà, ọmọ náà kò yí padà. Ó bára mu géérégé.

Ohun kan tí n ó kìlọ̀ fún yín ni asọ̀tàn ojúmilóṣe tó ti di àgbàlagbà, tó ń bojú wẹ̀yìn. Irú rẹ̀ máa ń sọ pé, "Nígbà náà lọ́hùn-ún, òmùgọ̀ ni mí, n kò mọ̀ pé omi yóò kún." Ó ti já ẹ̀fẹ̀ náà kí ó tó pọ́n. Ẹ jẹ́ kó wà ní ọmọ ọdún 15, kó sì kọ ọ́ pé, "Òkun ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè retí." Àwa la ó mọ̀ pé òkun ṣe ohun tó ń ṣe láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Ọ̀dọ́langba16 kọ pé:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú pé mo dá sí i, ṣùgbọ́n èmi ni irú ẹni tí ẹ ń kọ ọ́ fún. Ọ̀nà jìn sí òkun ní ọ̀dọ̀ wa, nítorí náà n kò mọ nǹkan kan nípa omi kíkún. Mo mọ̀ nípa ìtìjú. Ohun tó ń pa èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi lẹ́rìn-ín jù lọ nínú ìwé ni kí ẹnì kan máa fi nǹkan kan pamọ́, kí a sì máa wò ó bó ṣe ń sún mọ́ ìgbà tí yóò tú. Ìwé tí àgbà ti ń fi èdè àwọn ọ̀dọ́ ṣe ẹnu kì í pa wá lẹ́rìn-ín. Àánú òǹkọ̀wé ló máa ń ṣe wá.

Ìbéèrè tèmi nìyí: kí ni ọmọ náà ń tijú? Bàbá rẹ̀ ń tún ọkọ̀ ṣe, ìyá rẹ̀ ń tan iná fún àwọn atukọ̀. Ṣé kò lè jẹ́ pé bó bá wọ ọkọ̀, kíá ló máa ń bì? Ṣé kò sì lè jẹ́ pé ẹ̀rù òkùnkùn ń bà á? Bí ó bá jẹ́ ìlú mìíràn ni, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Níbẹ̀, gbogbo ìlú ló ń retí pé kó dà bí àwọn òbí rẹ̀.

Ọmọ Atukọ̀ kọ pé:

Àbúrò wa yìí ti sọ ọ̀rọ̀ kan tó tó ìwé odidi. Èébì ojú omi ni kí ẹ mú. Bí ọkọ̀ bá ń mì, etí ń sọ fún ọpọlọ pé a ń lọ sókè sódò, ojú tó ń wo inú ọkọ̀ sì ń sọ pé a jókòó sójú kan. Èdè àìyédè yẹn ló ń dá òòyì sílẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń kọ́ ẹni ni pé kó gbójú sókè, kó tẹjú mọ́ ibi tí òkun àti ojú ọ̀run ti pàdé. Ẹ wá ro ó wò: ọmọ náà jókòó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú ọmọbìnrin náà, ó ń wo ọ̀nà jíjìn réré, kò sọ̀rọ̀, kò rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ le koko. Ọmọbìnrin náà gbà pé olórí pípé tó ń ronú jinlẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà lọ, ó di dandan fún un láti máa ronú jinlẹ̀ ní gbogbo ìgbà, kódà lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé afẹ́fẹ́. Lọ́sàn-án, ilẹ̀ ń tètè gbóná ju omi lọ, nítorí náà afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ojú òkun wá sórí ilẹ̀. Lóru, ó ń yí padà. Ẹni tó bá wà lójú omi tó ń pariwo ní ìrọ̀lẹ́, ìlú á gbọ́ ọ; ẹni tó wà létí omi tó ń dá a lóhùn, ohùn rẹ̀ ń padà sẹ́yìn rẹ̀ ni. N kò ní sọ fún yín ohun tí ẹ lè fi èyí ṣe.

Ẹ sì má gbàgbé pé òkun kò ní kọ̀rọ̀. Ẹni tó dúró lórí iyanrìn ń rí ojú omi dé nǹkan bíi kìlómítà 4 ààbọ̀. Bí ilé gogoro yẹn bá ga tó mítà 30, ìyá ọmọ yìí ń rí nǹkan bíi kìlómítà 20. Ọmọ tó bá fi ọkọ̀ sá kúrò nílé lójú irú ìyá bẹ́ẹ̀, wákàtí mẹ́ta gbáko ni yóò fi máa sá, ìyá rẹ̀ yóò sì máa wò ó bí ẹni ń wo eré.

Atúnwèéṣe kọ pé:

Iṣẹ́ mi ni láti máa ka ìwé ìtàn àwọn ọ̀dọ́ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, mo sì ní ohun méjì láti sọ tí kò ní dùn tó ti àwọn yòókù. Àkọ́kọ́, ẹ ṣọ́ ẹni tí ẹ ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Ọ̀pọ̀ ìtàn etíkun tó ń dé ọwọ́ mi ló sọ àwọn apẹja di gọ̀ǹgọ̀sú, tí wọ́n sì sọ àlejò tó wá gbafẹ́ di ọlọ́gbọ́n. Ìdà kejì rẹ̀ ni mo máa ń rí ní etíkun: àlejò ló ń tẹ́ aṣọ sílẹ̀ níbi tí omi yóò dé láàárín ìṣẹ́jú 20, tí ọmọ ìlú sì ń wò ó láìsọ̀rọ̀.

Èkejì, òkun ń pa ènìyàn. Mo ti ka orí kan rí tí òǹkọ̀wé ti fi ìṣàn omi tó ń fa ènìyàn kúrò létí òkun ṣe àwàdà. Olú ẹ̀dá ìtàn ń ta ẹsẹ̀ ta ọwọ́ kọjú sí ìṣàn náà, ó sì jàjà bọ́ nípa agídí. Irọ́ tó lè pa ọmọ ẹlòmíràn ni. Ẹni tó bá ń bá irú ìṣàn bẹ́ẹ̀ jà ní iwájú, agbára rẹ̀ á tán. Ṣe ló yẹ kó lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ lọ, kí ó máa bá etíkun lọ lọ́gbọọgba títí yóò fi jáde nínú rẹ̀, tàbí kó léfòó kó sì gbọ́wọ́ sókè pe ìrànlọ́wọ́. Bí ẹ bá fẹ́ fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú ìwé, ẹ fi ẹ̀fẹ̀ síwájú rẹ̀, ẹ sì fi sẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ̀rín dákẹ́ nígbà tí ọmọ bá wà nínú omi.

Ọmọ Atukọ̀ kọ pé:

Mo gba ti ìṣàn omi, ìmọ̀ràn yín tọ̀nà. N kò gba pé kí ẹ̀rín dákẹ́. Àwọn tí òkun ti gba ènìyàn lọ́wọ́ wọn ni mo gbọ́ tí wọ́n ń ṣe ẹ̀fẹ̀ òkun jù, àwọn náà ni kì í sì í gbà kí àlejò ṣe é. Bí ọmọ inú ìwé bá dákẹ́ nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ bá le, ó ti di ọmọ tí àgbà ń darí nìyẹn.

Atúnwèéṣe kọ pé:

Ẹ̀fẹ̀ láti ẹnu ẹni tó mọ òkun, mo fara mọ́ ọn. Ìgbà tí ó bá jẹ́ òǹkọ̀wé ló ń ṣe ẹ̀fẹ̀ náà, tí kì í ṣe ẹ̀dá ìtàn, ni mo ń fa gègé pupa mi yọ. A lè fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìfohùn ṣọ̀kan.

Gègé Tútù kọ pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ọjọ́ mẹ́ta ni n kò fi wọlé síbí, nítorí mo ń kọ. Mo ju lẹ́tà tó bọ́ sọ́wọ́ bàbá ọmọbìnrin náà nù pátápátá. Mo ti fi ìpàdé àkọ́kọ́ sí orí kejì, ní alẹ́ tí òṣùpá àrànmọ́jú yọ, mo sì ti lo gbogbo ọ̀rọ̀ èébì náà. Èyí ni apá kan nínú orí kẹta, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà. Ẹ má ṣàánú mi.

*Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni mo ti gun àpáta náà, nítorí mo fẹ́ kó bá mi níbẹ̀ bí ẹni tí kò retí ẹnikẹ́ni. Mo dán oríṣi ìjókòó mẹ́fà wò. Ìkẹrin ló dára jù, àfi pé ó ń pa mí lẹ́sẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, mo ṣàkíyèsí pé ọ̀nà tí mo gbà wá kò sí mọ́. Mo pinnu láti má ṣe jẹ́ kí ó hàn lójú mi.*

*Ó dé ní aago mẹ́rin géérégé. Òun wà lórí iyanrìn, èmi wà lórí àpáta, omi tó tó ọgọ́ta mítà sì wà láàárín wa. Mo pariwo pé, "Mo ti ń ronú nípa rẹ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá!" Àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó ń tún àwọ̀n ṣe gbé orí sókè. Obìnrin kan ṣí fèrèsé. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà dáhùn pé òun náà ti ń ronú nípa mi. Ọmọbìnrin náà fèsì. Mo rí ẹnu rẹ̀ tó ń ṣí tó ń pa dé, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ nǹkan kan. Ó lè jẹ́ pé ó ní òun náà fẹ́ràn mi. Ó sì lè jẹ́ pé ilé wa ló ń jó.*

*Bàbá mi tu ọkọ̀ wá. Mo wo ọkọ̀ náà bó ṣe ń mì. Mo sọ fún un pé kó máa lọ, pé mo ṣì ń ronú. Ó ní, "Nípa kí ni?" Mo ní nípa ayé. Ó wò mí, ó wo ọmọbìnrin náà, ó wo inú ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, ó sì yí i padà láìsọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, òṣùpá àrànmọ́jú yọ lórí òkun, ó tàn sára omi àti sára mi. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé ìfẹ́ dà bí òkun: ó ń kún, ó sì ń fà.*

Ọ̀dọ́langba16 kọ pé:

Mo rẹ́rìn-ín sókè níbi ilé tó ń jó, màmá mi sì béèrè ohun tó ṣe mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ gbólóhùn tó kẹ́yìn. Ta ló bi í?

Arínúróde kọ pé:

Mo ti ọmọ náà lẹ́yìn. Ẹni ogójì ọdún ló sọ gbólóhùn yẹn. Ó yọ́ wọ inú ìwé yín láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ bàbá tó wo inú ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ni kí ẹ fi ọwọ́ pa mọ́, kí ẹnikẹ́ni má tún un ṣe.

Ọmọ Atukọ̀ kọ pé:

Ó dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ kan láti rò. Òṣùpá àrànmọ́jú wà ní orí kejì, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ó tún yọ ní orí kẹta. Láti òṣùpá àrànmọ́jú kan dé òmíràn jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 29 ààbọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, ìdajì òṣùpá ló máa ń kù, nǹkan bí ọ̀gànjọ́ òru ló sì máa ń yọ. Omi kò ní fà tán lẹ́yìn àpáta yẹn títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́. Nítorí náà, inú òkùnkùn biribiri ni ọmọ yín jókòó sí, ẹ sì ti sọ fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọmọ ẹni tó ń ṣọ́ ilé gogoro ni.

Gègé Tútù kọ pé:

Mo ka ọ̀rọ̀ yín, mo fi ọwọ́ bo ojú, mo sì padà sídìí ìwé náà. Mo ti yọ òṣùpá kúrò, mo ti yọ ìfẹ́ tó dà bí òkun kúrò. Báyìí ló ṣe parí:

*Òṣùpá kò yọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ti sọ fún un pé òkùnkùn kò jẹ́ nǹkan kan lójú mi, nítorí náà n kò lè pe ẹnikẹ́ni. Ní aago méje, ìyá mi tan iná ilé gogoro. Iná náà yí lọ sójú òkun, ó yí padà, ó bá mi lórí àpáta níbi tí mo ti di eékún mi mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, tí mo sì di ojú. Gbogbo ìlú tó wà létí omi rí mi. Mo gbọ́ tí wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá ló máa ń gbà kí iná náà tó yí dé. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi lẹ́ẹ̀kejì, mo ti padà sí ìjókòó kẹrin.*